Ta Ló Ni Orin? Láti Orí Kọ́fà Dé Orí Kílásíkà

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú láti ẹnu Admin. Ohùn méje ni. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ariwo ọjà, àti ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn.

OHÙN KÌÍNÍ

     

Ẹ mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a máa ń fi orin tí a fẹ́ràn ránṣẹ́ síra wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó dìjà. Ẹnìkan fi orin Whitney Houston síbí, ẹlòmíràn ní Whitney jí orin yẹn ni, pé obìnrin òyìnbó kan ló ni ín. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń pe ara wọn ní aláìmọ̀kan. Àgbà wa kan láti Gombe wá fi orin dúrù gbọọrọ kan síbí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé wa fèsì pé, "Bàbá, ta ló kú?" Láti ọjọ́ yẹn, bàbá ò tíì sọ nǹkan kan nínú ilé yìí. Mo ti pè wọ́n, mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò bínú, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò dùn.

Ọ̀rọ̀ kẹta wà tí ìyá kan bá mi sọ ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn kan owó, ó sì kan ọmọ. Wọ́n gbà kí n sọ ọ́ láìdárúkọ, màá dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè kan náà ló bí wọn: ta ló ni orin?

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà yé ara wa. Ẹ wo àdìrẹ. Ẹnìkan ló ro bátánì tó wà lára rẹ̀. Ẹnìkan ló rẹ ẹ́ láró. Ẹnìkan ló ná owó rẹ̀ lé e lórí tó gbé e dé ọjà. Ó lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè jẹ́ ẹni mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni orin rí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó dá orin: òun ló ro ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀. Ẹni kejì ni ẹni tó gbé e sẹ́nu, tó kọ ọ́. Ẹni kẹta ni ẹni tó náwó gbà á sílẹ̀, bí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Àwọn olórin tiwa, àwọn onífújì, àwọn onijùjú, àwọn alápàlà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dá orin tí wọ́n ń kọ ọ́ fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tá a fi rò pé ẹni tá a gbọ́ ohùn rẹ̀ ni olórin náà, kò sí ẹlòmíì mọ́. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè jókòó sílé kó máa dá orin fún ogún ọdún, kí a má mọ ojú rẹ̀.

Tí ẹnìkan bá wá mú orin tí ẹlòmíì ti dá, tó ti jáde, tó tún un kọ lọ́nà tiẹ̀, ìyẹn ni àwọn ọmọ wa ń pè ní kọ́fà. Àtúnkọ ni. Kì í ṣe olè, bí orúkọ ẹni tó dá a bá wà lára rẹ̀ tí owó rẹ̀ sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí orúkọ bá pòórá, tí owó bá sọnù sọ́nà, ìgbà yẹn ló di olè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun la máa fi wọn gbogbo ohun tó kù.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Rivers of Babylon. Ta ni kò jó o rí nínú wa? Bí mo bá ní kí ẹ sọ ẹni tó ni ín, ẹ ó ní Boney M. Lóòótọ́ Boney M kọ ọ́ ní 1978, láti Jámánì sì ni ẹgbẹ́ yẹn ti jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Jamaica kan tí wọ́n ń jẹ́ The Melodians ti kọ ọ́ láti 1970. Àwọn náà, inú Ìwé Orin Dáfídì ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Orin 137, níbi tí àwọn ìgbèkùn ti jókòó létí omi tí wọ́n ń sunkún ilé wọn. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ àwọn ará Ísírẹ́lì, ohùn àwọn ọmọ Jamaica, rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ará Jámánì, àríyá ìkómọ ní Ogbomoso. Orin rìn jù wá lọ.

Ẹ tún gbọ́ ti Bob Marley. Òun àti àwọn Wailers gbé I Shot the Sheriff jáde ní 1973. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Eric Clapton, onígìtá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tún un kọ, ó sì di orin tó wà lókè téńté ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí kò tíì gbọ́ orúkọ Marley rí, ẹ̀yìn orin yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nítorí náà, kọ́fà lè di ọ̀nà tí a fi mọ olóhun.

Bob Dylan náà dá orin kan tó ń jẹ́ All Along the Watchtower. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀, ní 1967, gìtá, dúrù ẹnu àti ohùn jẹ́jẹ́ ni. Jimi Hendrix mú un ní 1968, ó fi gìtá oníná gbé e fò bí ìjì. Orin tí Hendrix ṣe yẹn ló wá gbajúmọ̀ jù. Dylan fúnra rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé, nígbà tó yá, ọ̀nà Hendrix ló ń gbà kọ ọ́ lórí ìtàgé. Olóhun gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá nǹkan rẹ̀. Ìyẹn ò kéré.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá gan-an. Ọmọ Àjídò ni Babatunde Olatunji, nítòsí Badagry. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950, ó sì di onílù ńlá níbẹ̀. Ní 1960, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń jẹ́ Drums of Passion jáde, ìlù àti ohùn ilé wa nìkan ló kún inú rẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀, Gin-Go-Lo-Ba. Ní 1969, Carlos Santana, tí wọ́n bí ní Mexico, mú orin yìí, ó fi gìtá rọ́ọ̀kì sí i, ó pè é ní Jingo, ó sì fi í sínú rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìyẹn ni pé àwọn òyìnbó onírun gígùn ti ń fi orí mì sí orin ọmọ Badagry kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń sọ pé rọ́ọ̀kì ò kàn wá, ẹ lọ gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Ti Olatunji ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

OHÙN KẸTA

Ẹnìkan bi mí pé, "Admin, bí orin bá ti dùn lẹ́ẹ̀kan, kí ló dé tí ẹlòmíì tún fi ń kọ ọ́?"

Ìdáhùn mi nìyí. Òwe kan náà lẹ́nu ọmọdé àti lẹ́nu àgbà, ṣé ìtumọ̀ kan náà ló ní? Bí ọmọ ọdún méjìlá bá sọ pé ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun igi, ẹ̀rín la ó rín. Bí bàbá àádọ́rin ọdún bá sọ ọ́, a ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ẹnu ló yí padà.

Ẹ wo orin Respect. Otis Redding ló dá a, ó kọ ọ́ ní 1965. Ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní kí ìyàwó òun bọ̀wọ̀ fóun, lohùn tó wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Aretha Franklin mú un. Obìnrin ló wá ń sọ ọ́ báyìí, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn. Orin ọkọ di orin ìyàwó, ó sì di orin gbogbo ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ Respect, Aretha ni gbogbo ayé ń rántí. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Èkejì ni Hurt. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Trent Reznor ló dá a, ẹgbẹ́ rẹ̀ Nine Inch Nails gbé e jáde ní 1994. Orin ẹni tó ń pa ara rẹ̀ lára ni. Ní 2002, Johnny Cash tún un kọ. Ọmọ àádọ́rin ọdún ni, ara rẹ̀ ò yá, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ kú ní oṣù Karùn-ún 2003, òun náà tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tí Cash kọ, kò ní rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ni rárá. Á rò pé bàbá kan ló ń ṣírò ayé rẹ̀ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù. Reznor fúnra rẹ̀ gbà pé orin náà ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi kọ́fà síbí, ẹ má bi í pé "èwo ni ojúlówó?" Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹnu yìí fi kún un?" Bí kò bá fi nǹkan kan kún un, kó dákẹ́ kó jẹ́ ká gbọ́ olóhun. Bó bá fi kún un, a jèrè orin méjì.

OHÙN KẸRIN

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ọ̀rọ̀ owó dé.

Orin Whitney tí ẹ jà lé lórí, I Will Always Love You, Dolly Parton ló dá a, ó sì gbé e jáde ní 1974. Ó ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tí wọ́n jọ ń kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi orin náà dágbére fún un ni. Elvis Presley gbọ́ ọ, ó fẹ́ kọ ọ́. Elvis o! Ta ni yóò kọ̀ fún Elvis? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ Elvis ní Dolly gbọ́dọ̀ fún àwọn ní ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà kí Elvis tó kọ ọ́. Dolly ní òun ò ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé òun sunkún lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn èèyàn á ti pè é ní arìndìn.

Ọdún 1992 dé, Whitney Houston kọ orin yìí nínú fíìmù The Bodyguard. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń tà á tí wọ́n ń lù ú lórí rédíò, owó ẹni tó dá orin ń wọlé fún Dolly, kò bá ẹnikẹ́ni pín ìdajì. Ó ti sọ pé òun fi lára owó yẹn ra ilé ìṣòwò kan ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Nashville. Whitney ò jí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ló jèrè.

Ẹ wá gbọ́ òdìkejì rẹ̀. Solomon Linda, ọmọ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà, kọ Mbube sórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1939. Ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó gbà á sílẹ̀ ní ṣílè mẹ́wàá. Ṣílè mẹ́wàá! Orin náà wọ Amẹ́ríkà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ní 1961 ẹgbẹ́ The Tokens sọ ọ́ di The Lion Sleeps Tonight. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé, ẹ ti gbọ́ ọ nínú fíìmù The Lion King. Linda kú ní 1962, òtòṣì ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ jà á dé kóòtù, ọdún 2006 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fún wọn ní tiwọn. Ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn ikú bàbá wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dá orin kan. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú fóònù, ó tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Onísítúdíò kan pè é, ó ní òun á gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun á tún fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà, kó ṣáà fọwọ́ sí ìwé kan. Ìyá ní kí n gba àwọn nímọ̀ràn torí owó ilé ìwé ń dúró. Mo mọ bí ọgọ́rin ṣe ń rí lójú ẹni tó ń wá owó ilé ìwé. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ nìyí, ó sì lè wúlò fún ẹlòmíì nínú ilé yìí.

Èkíní, orin náà ti di ti ọmọ náà láti ìgbà tó ti gbà á sínú fóònù. Kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kan. Kó má pa èyí tó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ yẹn rẹ́, torí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí wà, Nigerian Copyright Commission ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń gba ìsọfúnni iṣẹ́ ẹni sílẹ̀ kó lè jẹ́ ẹ̀rí.

Èkejì, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó dá orin yóò wà títí ó fi kú, yóò sì tún wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ogún ni, bí ilé, bí ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọmọ yìí ò tíì bí ló fẹ́ fi ọgọ́rin tà.

Ẹ̀kẹta, ẹnu lásán ò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé. Kó má fọwọ́ sí i ní sítúdíò. Kó gbé ìwé náà wálé. Kí ẹ wò ó bóyá orin gan-an ni wọ́n ń rà tàbí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nìkan. Ẹ rántí àdìrẹ: onísítúdíò tó náwó lè ní ìpín nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣe. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni tó ro bátánì. Ẹ wò ó bóyá títà ni tàbí yíyá. Ilé tí a háyà jáde, a ṣì ni ín. Bí ẹ bá rí "gbogbo ẹ̀tọ́" àti "títí láé" nínú ìwé kan náà, ẹ gbé bírò sílẹ̀.

Lọ́yà kan wà nínú àwọn ará ilé wa ní Kaduna tí wọ́n ti gbà láti ka ìwé náà láìgba kọ́bọ̀. Ní ti owó ilé ìwé, àjọ wa wà. Mo ti bá àwọn méjì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ̀ǹda kí ìyá yìí gba ti oṣù tó ń bọ̀ ṣíwájú wọn. Ẹni tí ebi ń pa kọ́ la ń bá dúnàádúrà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ebi kúrò nínú rẹ̀.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ó kan orin bàbá wa láti Gombe.

Orin tí à ń pè ní kílásíkà, kí ni? Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé orí ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó dá a kọ gbogbo ohùn sílẹ̀: ohun tí gòjé máa ta, ohun tí fèrè máa fọn, ibi tí ìlù máa wọlé, ibi tí gbogbo wọn máa dákẹ́. Ẹni náà lè ti kú láti ọdún 250 sẹ́yìn. Àwọn tó wà láyé ló ń ka ìwé rẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé e jáde. Ẹ rí i báyìí pé kọ́fà ni gbogbo kílásíkà tí ẹ ń gbọ́! Kò sí ẹni tó ní ohùn Handel nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń fi kọ́fà ṣe yẹ̀yẹ́ tó sì ń bọ̀wọ̀ fún kílásíkà, ohun kan náà ló ń bú tó tún ń yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Handel yìí. Ọmọ Jámánì ni, London ló ń gbé. Ní 1741, ó fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlélógún kọ Messiah, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń kọ lákòókò Kérésì àti Àjíǹde. Ìlú Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, ní oṣù Kẹrin 1742. Èrò pọ̀ débi pé wọ́n bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má wọ yẹ̀rì olókùn tó ń gba àyè. Kí ni wọ́n fi owó ẹnu ọ̀nà ṣe? Wọ́n pín in fún ilé ìwòsàn méjì àti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ẹni 142 ni wọ́n san gbèsè wọn tí wọ́n sì tú sílẹ̀. Orin tí ẹ ń pè ní orin òkú, ajigbèsè 142 ló fi sùn sílé wọn. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí gbèsè jẹ́, ẹ tún un gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ̀yin Alhaji wa. Beethoven ló dá orin dúrù kékeré tó ń jẹ́ Für Elise, ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ọ nínú fóònù láìmọ orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ya adití. Ní 1824, wọ́n lu orin ńlá rẹ̀ tó jẹ́ ìkẹsàn-án ní Vienna. Òun náà wà lórí ìtàgé, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí orin parí, èrò ń pàtẹ́wọ́, ó ṣì kọ ẹ̀yìn sí wọn, títí obìnrin kan nínú àwọn olórin fi fà á lápá yí i padà kó lè fi ojú rí àtẹ́wọ́ tí etí rẹ̀ ò gbọ́.

Báwo la ṣe ń gbọ́ ọ? Ohun tó ń sú yín ni pé ẹ ń dúró de ọ̀rọ̀. Ẹ má dúró de ọ̀rọ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ gángan. Ẹ di ohùn kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ mú, kí ẹ máa ṣọ́ ọ: á lọ, á farasin, á padà wá lẹ́nu fèrè, á tún wá lẹ́nu gòjé, á tóbi, á kéré. Ọdẹ tó ń tọpasẹ̀ ẹran kì í sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti kílásíkà kì í gbé pọ̀.

OHÙN KẸFÀ

Àwọn tiwa náà wà nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé.

Ekundayo Phillips ló ń tẹ dúrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí dé 1962. Ó kọ ìwé kan ní 1953, Yoruba Music. Ohun tó ká a lára yé gbogbo wa. Èdè wa ní òkè, ní àárín, ó ní ìsàlẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìyìn òyìnbó sí Yorùbá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa sí ohùn tiwọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó ti rọlẹ̀, orin ń gbé e gòkè. O fẹ́ sọ ọkọ̀, o ń kọ ọkọ́. Phillips ní kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì dá orin bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ orin Yorùbá nílẹ̀ Hausa níbí, tí ẹ gbọ́ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sódì, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí láìkọrin, kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Inú orin ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ti kọ́ èdè tí wọn ò gbọ́ ní kíláàsì.

Fela Sowande, wọ́n bí i ní 1905. Ó lọ London, ó ń lu dúrù jáàsì lálẹ́, ó sì ń kọ orin ńlá. Ní 1944, ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Apá tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, Akinla, ohùn háíláìfù ló wà nínú rẹ̀. Rédíò Kánádà fi Akinla ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ yín á mì.

Ẹ̀yin ará Jos, ẹ jókòó dáadáa. Ayo Bankole, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ orin yìí jù lọ ní Nàìjíríà, Jos yìí ni wọ́n ti bí i, ní 1935. Ọmọ àwọn tó wá sókè yìí bíi tiwa ni. Ìlú tí àwọn bàbá wa tẹ̀ lé kùsà àti rélùwéè dé ni ọmọ náà ti là ojú. Ó kàwé orin ní London, ó dé Cambridge, ó padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ó kọ Nigerian Suite fún dúrù, ó kọ Three Yoruba Songs. Ó kú ní 1976, kò tíì pé ọdún méjìlélógójì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín pé ọmọ tí wọ́n bí sí àjò ò lè mọ ilé, ẹ dárúkọ Ayo Bankole fún un.

OHÙN KEJE

Mo fẹ́ parí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìlànà wa nìyí.

Bí o bá fi orin síbí, kọ orúkọ ẹni tó dá a àti ẹni tó kọ ọ́. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, béèrè, a ó jọ wá a. Sọ ìdí tí o fi fẹ́ràn rẹ̀, gbólóhùn kan tó. Fi ibi tí a ti lè gbọ́ ọ ránṣẹ́, má kó odidi rẹ́kọ́ọ̀dù ẹlòmíì sínú ilé yìí: dátà ará ilé ń jó, owó olórin náà ń sọnù. Handel ti kú láti 1759, kò sí ẹni tó lè gbowó orin rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó lù ú tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Mùsùlùmí wa lè fi wéré síbí, Kìrìsìtẹ́nì wa lè fi orin ìyìn síbí. Ẹ rántí pé inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn ní sààrì ni Ayinde Barrister ti yọ fújì tí gbogbo wa jọ ń jó. Orin tí o ò bá fẹ́, fò ó. Má bi ẹnikẹ́ni pé ta ló kú.

Ẹ̀yin bàbá wa ní Gombe, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á. Àwọn ọmọ yín ń bẹ̀ yín. Ọmọ tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ orúkọ orin náà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tiyín ni a ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú èyí tí kò gùn jù.

Ìyá ọmọ olórin, ẹ dúró de lọ́yà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ pè mí lọ́la lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́.

Ọjà á tà. Ọ̀nà ò ní nà wá. A ó délé bá ire. Ó dàárọ̀ o.